Pápá Ńlá Méjì, àti Pápá Kékeré tí Ṣọ́ọ̀bù Ń Jẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí Shooting Stars ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sáà gba Mọ́kọ́lá lọ sí Adámásìngbà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹ óò rí oníbọ́ọ̀lì tí ó ti gbé ààrò rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ óò rí ẹlẹ́pà, ẹ óò rí olómi inú ọ̀rá, àti àwọn tí ń ta fìlà aláwọ̀ búlúù. Ariwo “Up Sooting!” yóò sì ti gba etí yín kí ẹ tó rí ògiri pápá náà. Olùkọ́ ni èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé mi wí pé kí wọ́n pe “sh” bí àwọn Òyìnbó ti ń pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó sí Adámásìngbà, “Sooting” náà ni èmi pẹ̀lú ń pariwo. Ẹni tí ó bá pè é ní “Shooting” níbẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò mọ̀ pé àlejò ni.

Pápá ńlá méjì ni ó gba orúkọ nínú ìlú yìí. Èyí àgbà ni Líbátì, ní Òkè-Àdó, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ní 2010 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pápá Ìṣiré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orúkọ ńlá ni, ó sì yẹ ẹni tí wọ́n fi sọrí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ fún onítakisí, yóò tún bi yín pé níbo ni ibẹ̀ wà. Ẹ sọ pé Líbátì, ẹ ti dé ibẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé nípa Líbátì ni ìjà ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Dick Tiger, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, ni ó dojú kọ Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà. Àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò méjèèjì yìí ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì rí. Ní San Francisco, ní 1962, Tiger ni ó borí; ní Las Vegas, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ìbàdàn ni wọ́n wá parí rẹ̀ sí. Irú ìjà bẹ́ẹ̀, tí a fi ń du oyè gbogbo àgbáyé, kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà kí ó tó di ọjọ́ náà. Tiger lu Fullmer títí ráúńdì keje fi parí, nígbà tí aago sì tún lù fún ìkẹjọ, Fullmer kò jáde mọ́. Àwọn tirẹ̀ ni wọ́n ní ó tó. Bàbá bàbá mi, tí ó ń ta aṣọ òkè ní Ọjà Ọba, máa ń sọ pé òun kò rí ẹ̀ṣẹ́ kankan níbi tí òun jókòó sí, nítorí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó dé fìlà gogoro ni ó wà níwájú òun; ṣùgbọ́n òun gbọ́ ọ.

Èyí àbúrò ni Adámásìngbà, tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Olóyè Lékan Sàlámì pè, alága tí ó fi ara àti owó jìn fún Shooting Stars. Ní sáà Gómìnà Ṣèyí Mákindé ni wọ́n tún un kọ́ tí ó fi wá ń dán. Ẹgbẹ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti jẹ́ orúkọ púpọ̀. WNDC ni a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, kí ó tó di IICC. Ní 1976, ẹgbẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n fi gba á, góòlù mẹ́rin sí méjì nígbà tí a pa ti ilé àti ti oko pọ̀, bẹ́ẹ̀ Roger Milla wà nínú Tonnerre nígbà náà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó kàwé ní Poli Ìbàdàn tí wọ́n sì ń pè ní “Mathematical”, wà níbẹ̀, Múdà Láwàl náà wà níbẹ̀. Ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí 0 ní Èkó, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà gbá ìkẹta. Lẹ́yìn wọn ni Ràṣídì Yẹkínì, ọmọ tí a bí sí Kàdúná, wá gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting kí ó tó di ẹni tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé nínú Ife Àgbáyé ní 1994. Ẹgbẹ́ náà ti já sí ìsàlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà, a sì ti sunkún rẹ̀ tó.

Ohun tí ó mú mi gbé gègé ni èyí. Kò sí ọmọ kan tí ó kọ́ bọ́ọ̀lù ní Líbátì tàbí ní Adámásìngbà. Ibi tí a ń gbé ọmọ tí ó ti kọ́ ọ tán wá ni ibẹ̀. Pápá ilé-ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, pápá ilé-ìwé sì ni ó ń tán lọ nínú ìlú yìí lójú wa.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, pápá rẹ̀ gba kí ogún ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, kí ọgbọ̀n mìíràn sì máa sáré yí wọn ká. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn kan gbé okùn ìwọnlẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ títì, àti pé owó ṣọ́ọ̀bù ni a ó fi tún òrùlé ṣe. Òrùlé náà ń jò lóòótọ́. Wọ́n gbé ìwé wá fún àwa olùkọ́ pé kí a fọwọ́ sí i, èmi náà sì fọwọ́ sí i. Ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan di méjì. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, òrùlé ṣì ń jò.

Ìyá Elépo ni ó gba ṣọ́ọ̀bù tí ó sún mọ́ ojú góòlù jù lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, ẹlẹ́sẹ̀ òsì tí n kò tíì rí irú rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù kan tí ó fò kọjá orí igi góòlù, ó sì fọ́ ìgò epo mẹ́rin.

Ìyá náà ké sí mi: “Tíṣà, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yín!”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ má bínú.”

“Owó ọdún méjì ni mo san sílẹ̀ kí n tó wọ ibí. Ta ni ó gba owó lọ́wọ́ mi? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ará ilé-ìwé náà ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Ìyá náà kò jẹ̀bi, ọmọ náà kò jẹ̀bi. Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ọ̀gá wa fi òfin de bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ kò ṣáà ní ṣíwọ́ eré nítorí èyí. Wọ́n gbé fẹlẹlẹ wọn lọ sí ojú títì, wọ́n fi òkúta ṣe góòlù, wọ́n pín ara wọn sí sẹ́ẹ̀tì: góòlù méjì tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí a bá borí yóò bọ́ sílẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ọ̀kadà fi gbá ẹlẹ́sẹ̀ òsì náà níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Elépo gan-an. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tiro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá náà ni ó sáré gbé e kúrò nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Ó ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ padà sínú ọgbà. Òun àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù méjì ti dá owó, wọ́n ti ra àwọ̀n ẹja, wọn yóò ta á sí iwájú ìgò wọn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin oníṣòwò, ó ṣeé ṣe kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ohun tí yóò kù fún àwọn ọmọ. Bí ẹni tí ó gbé e wá bá ní nítorí òrùlé ni, ẹ béèrè ọjọ́ tí káfíńtà yóò dé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní ilé-ìwé náà, àwọ̀n ẹja ṣì wà níbẹ̀. Abẹ́ tábìlì Ìyá Elépo ni bọ́ọ̀lù ń sùn, nítorí ilé ìkẹ́rù wa kò ní àgádágodo. Ọmọ tí ó bá wá gbà á, ìyá náà yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gbèsè rẹ̀, yóò sì fa igi lé e nígbà tí ó bá dá a padà.