Ẹ Má Tíì Fà Á: Ohun Tó Wà Nínú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Ọ̀pá ẹ̀yìn là ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́, torí òun ló gbé wa ró. Àmọ́ ẹni tó bá fojú ọ̀pá gidi wò ó lè ṣì í gbé, pàápàá níbi tí jàǹbá ọkọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀. Eegun 33 tó tò léra wọn ni wọ́n fi bí wa, 7 nínú wọn wà lọ́rùn. Fi ìka tọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ wá sísàlẹ̀: èyí tó yọ gọngọ níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká, ìkeje ló sábà máa ń jẹ́. Àárín àwọn eegun yìí lu, inú ihò náà ni okùn rírọ̀ kan gbà wá látinú ọpọlọ, tí kò nípọn ju ọmọńdinrín lọ. Òun ló ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún apá àti ẹsẹ̀, òun náà ló ń mú ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù padà.

Nítorí náà, ká di ẹni tó fara pa mú lápá, ká dì í mú lẹ́sẹ̀, kí orí rẹ̀ máa fì, ká wá ká a kò bí àpò gààrí sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ìyẹn lè burú ju jàǹbá náà lọ. Eegun lè ti ṣẹ́ kí okùn má tíì fara pa. Àwa la ó wá fi gbígbé wa já a. Eegun ń jinná, okùn yìí kì í jinná bẹ́ẹ̀. Tó bá já nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lọ nìyẹn, ẹni náà ò sì ní mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n mọ́. Tó bá já lókè ọrùn, èémí gan-an lè dúró.

Àwọn kan á ní, ṣé ká fi í sílẹ̀ kó kú ni, nígbà tí ọkọ̀ aláìsàn kì í tètè dé? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí iná bá ń jó, tàbí tí ọkọ̀ ń rì, ẹ fà á jáde kíá, ẹ̀mí ló ṣáájú. Ẹ ṣáà fà á gbọọrọ, kí orí àti ara wà lójú ìlà kan. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò síná, kò sómi, àánú oníkánjú ló ń tì wá. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má mirí. Kí ẹlòmíì fi aṣọ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, kí ẹnì kẹta pe 122, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112. Bí gbígbé bá di dandan, kí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà sórí pákó tó tẹ́jú. Pé ó ń sọ̀rọ̀, tó tiẹ̀ fẹ́ rìn, kò ní ká fọkàn balẹ̀: bó bá ti ní ọrùn ń dun òun, tàbí pé ìka òun kú tipiri, ẹ má jẹ́ kó dìde.