Láti Akanran dé Ìjàyè lórí ọ̀kadà: ọ̀nà tó wu àlejò ló ń ni àgbẹ̀ lára

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, mo mọ ohun tí ẹ ń wò lórí fóònù yín. Òyìnbó kan á dé akoto, á gun alùpùpù ńlá, á máa sáré láàárín òkè ní Mòrókò, á sì já sí ìlú àtijọ́ kan nínú aṣálẹ̀. Ẹ̀yin náà á ní, "Màá débẹ̀ lọ́jọ́ kan." Kò burú, èmi náà máa ń wò ó. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ní kí n kọ́kọ́ wo tiwa ná. Mo bá ọlọ́kadà kan tí mo mọ̀ dúnàá-dúrà pé kó gbé mi yí ẹ̀yìn Ìbàdàn ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé akoto yín o. Ọ̀nà oko ò mọ ọmọ olówó."

Àárọ̀ kùtù la gba ọ̀nà Akanran, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Igbó ṣì wà lápá ibẹ̀. Kòkó wà lábẹ́ àwọn igi ńlá, ìrì ṣì ń kán, atẹ́gùn tútù. Nígbà tá a kúrò lórí ọ̀dà, tá a bọ́ sọ́nà ìletò, ilẹ̀ pupa ló kù, òjò sì ti gbẹ́ àárín rẹ̀ bíi kòtò. Mo ń ya fọ́tò lọ ràì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà kan ń bọ̀ níwájú, ó di àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá àgbà kan sì jókòó sórí ẹrù náà, ó di ọlọ́kadà mú gírígírí. Ọlọ́kadà mi ní, "Ẹ̀yin ń ya fọ́tò, àwọn ń gbàdúrà kí wọ́n má ṣubú. Tí òjò bá tún rọ̀, owó ọ̀kadà á di ìlọ́po méjì. Ta ló máa san án? Àgbẹ̀ náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n rántí ibi tí mo wà. Akanran yìí ni Táfá Adéoyè ti jáde, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní owó orí ti pọ̀ jù, wọn ò sì san mọ́. Wọ́n bá ọlọ́pàá àti sójà jà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní Oṣù Kẹwàá 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní Akanran, wọ́n sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Owó orí ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Ohun tá a ti gbàgbé ni pé àwọn àgbẹ̀ yẹn tún béèrè pé kí iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ sókè, kí ìjọba sì tún ọ̀nà ìletò wọn ṣe. Wọ́n gba ti owó orí. Ti ọ̀nà ńkọ́? Ẹ bi ìyá tó jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́.

A gba Ẹgbẹ́dá kọjá, a já sí Lálúpọn ní Lágelú, níbi tí ojú irin àtijọ́ tó lọ sí Òṣogbo ti kọjá. A jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín níbẹ̀, a sì forí lé Mọníyà ní Akínyẹlé, ibi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ń dé láti 2021.

Láti Mọníyà, gbogbo nǹkan yí padà. Ọ̀dà ni ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Igbó fà sẹ́yìn, koríko àti igi kéékèèké gba iwájú, ojú sì ń ríran jìnnà. Ibí yìí ni orúkọ Ìbàdàn ti yé mi: Ẹ̀bá Ọ̀dàn. Láàárín ọjọ́ kan, lórí ọ̀kadà, mo kúrò nínú igbó mo bọ́ sí ọ̀dàn.

Bá a ṣe dé Ìjàyè nìyẹn. Tí ẹ bá ń wá ìlú àtijọ́, òun rèé. Kúrunmí, Àrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ló jẹ olórí ibẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Atìbà wàjà ní 1859, wọ́n fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba. Kúrunmí ní èèwọ̀, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ kú ni. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ ní 1860. Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, àmọ́ Ìbàdàn dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wá láti apá Òkè-Ògùn. Ebi wọ ìlú. Kúrunmí kú ní 1861, nígbà tó sì di Oṣù Kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Ọ̀pọ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú ńlá sì dahoro. Ó pẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú tó padà wá tún un tẹ̀ dó.

Ẹ wò ó, ọ̀nà oúnjẹ tí wọ́n dí ló ṣáájú ìbọn pa Ìjàyè. Lónìí, ìlú tí Ìbàdàn fọ́ wà lára àwọn tó ń bọ́ Ìbàdàn. Ní etí ọ̀dà yẹn, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́ níbi tí àgbẹ̀ kó o jọ sí. Kò sí ìyá àgbà kankan lórí àpò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àárọ̀ mi àti ọ̀sán mi kò ju ọ̀dà lọ.

Nítorí náà, ẹ lọ o. Ẹ dé akoto, ẹ má sáré àsápajúdé, ẹ ra gàrí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ẹ jókòó ti àwọn àgbà kí wọ́n sọ̀tàn fún yín. Ẹ ya fọ́tò yín. Àmọ́ tí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ fi fọ́tò ọ̀nà pupa yẹn hàn án, kẹ́ ẹ ní kó bá yín gun ọ̀kadà débẹ̀ lẹ́yìn òjò. Tó bá kọ̀, ìdáhùn ti dé nìyẹn.