Kí Ló Dé Tí Orúkọ Ń Pẹ́ Lẹ́nu Àgbà?

Ẹ̀yin náà á ti rí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tó máa pe Bọ́lá, tó máa pe Dúpẹ́, kó tó wá kan Ṣadé tó fẹ́ rán níṣẹ́. Àmọ́ ẹ ní kó ki oríkì ìran yín, kò ní fo ibì kankan. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ọpọlọ náà ló ń dàgbà, nǹkan méjì ló sì ń yí padà nínú rẹ̀: bó ṣe ń jẹun, àti bí àwọn apá rẹ̀ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ká mú ti oúnjẹ ṣáájú. Ọpọlọ kò ju nǹkan bíi 2% ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń gba nǹkan bíi 20% agbára tí ara ń ná nígbà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló ń jẹ jù. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí máa da ṣúgà sí ẹ̀kọ o! Nínú àmàlà àti ẹ̀bà lásán ni ara ti ń rí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yọ, àtọ̀gbẹ sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Púpọ̀ nínú agbára tí ọpọlọ ń gbà ló ń lọ sórí iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń rán síra wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n á fa ṣúgà tí wọ́n ti fi èròjà onítànṣán díẹ̀ sí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì, ṣùgbọ́n kò ní lè lò ó tán, á há síbẹ̀. Ẹ̀rọ PET á wá ya àwòrán ibi tó ti pọ̀ jù. Ọdún 1976, ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ lo irú ṣúgà yìí fún èèyàn. Ó hàn nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pé bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, oúnjẹ ọpọlọ ń dín díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní apá iwájú, níbi téèyàn ti ń ṣètò, tó sì ti ń di ọ̀rọ̀ púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti ìsopọ̀ ló kàn. Ẹ̀rọ MRI lè tẹ̀ lé bí ẹ̀jẹ̀ tó gbé atẹ́gùn ṣe ń pọ̀, tó ń dín, níbi kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ. Bí ibi méjì bá ń pọ̀ pọ̀, tí wọ́n ń dín pọ̀, a máa ń sọ pé wọ́n so pọ̀. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bharat Biswal ló fi hàn ní 1995 pé apá òsì àti apá ọ̀tún tó ń darí ọwọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ kódà nígbà téèyàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí kò gbé ìka.

Ẹ fojú inú wo ọjà ńlá. Aláta ń bá aláta sọ̀rọ̀ ní ìsọ̀ wọn, aláṣọ ń bá aláṣọ sọ, wọ́n sì ń gbọ́ra wọn ketekete. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìsọ̀ kan dé òmíràn. Bí ọpọlọ ọ̀dọ́ ṣe rí nìyẹn. Tọ́jọ́ bá ti ń pẹ́, ààlà ìsọ̀ á máa parẹ́, aláṣọ á máa dá sí ọ̀rọ̀ aláta, ariwo á wá pọ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Texas gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọpọlọ èèyàn 210 tí ara wọn dá, láti ẹni 20 ọdún títí dé ẹni 89: bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni ààlà ń dín. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé, láìka ọjọ́ orí sí, àwọn tí ààlà tiwọn ṣì dúró dáadáa ló máa ń rántí nǹkan jù.

Oúnjẹ àti ìsopọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀: ibi tí ìsopọ̀ pọ̀ sí jù nínú ọpọlọ sábà máa ń jẹ ṣúgà púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé irú ibẹ̀ ni ọwọ́ á kọ́kọ́ há tí oúnjẹ bá dín. Ohun tó sì ń dín lóòótọ́ lára àgbà ni ìyára, àti wíwá orúkọ kan ṣoṣo yọ láàárín ọ̀pọ̀. Ìmọ̀ tó ti jinlẹ̀ kì í tètè lọ. Ọ̀rọ̀ tí àgbà mọ̀ tiẹ̀ lè máa pọ̀ sí i. Àmọ́ tí àgbà bá ń ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé tipẹ́, ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ orí lásán mọ́. Ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Fífẹsẹ̀ rìn náà ń ṣèrànwọ́ fún ọpọlọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011, àgbàlagbà 120 ni wọ́n pín sọ́nà méjì fún odindi ọdún kan. Àwọn kan ń rin ìrìn kánkán títí dé 40 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Apá tó ń tọ́jú ìrántí nínú ọpọlọ wọn fi 2% tóbi sí i. Àwọn tó kàn ń na ara lójú kan kò rí irú rẹ̀: tiwọn ń sún kì ni.