Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀rín: Eré Bàbá Sàlá Lórí Amóhùnmáwòrán

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa eré oníṣe Yorùbá nínú kíláàsì, Hubert Ògúndé àti Dúró Ládípọ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Aláwàdà kì í tètè wọ irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé ohun tí ó bá ti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kò yẹ fún àyẹ̀wò. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ṣe ń ṣe àwàdà rẹ̀, pàápàá ohun tí òǹwòran kì í rí.

Ọmọ Iléṣà ni, ọdún 1936 ni wọ́n sì bí i. Ó ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ olórin háíláìfù sílẹ̀, ìyẹn Federal Rhythm Dandies, níbi tí Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni Ọláìyá yí sídìí àwàdà. Kò yẹ kí a fojú kéré orin tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀ yìí, nítorí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ìlù ń dákẹ́ ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun náà dákẹ́ kí ẹ̀rín lè ráyè jáde.

Iléeṣẹ́ WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, 1959. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò ni ó pè wá fi eré kún àkókò rẹ̀. Wọn kì í sábà ní ìwé eré tí a kọ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀gá yóò la ìtàn kalẹ̀, yóò sọ ẹni tí yóò wọlé àti ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí; òṣèré ni yóò wá ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu ara rẹ̀. Lójú agbo, bí àwọn ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín, a lè fa ìran kan gùn. Amóhùnmáwòrán kò gba irú ìyẹn, nítorí aago ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀. Ọgbọ́n àtinúdá ńlá ni kí òṣèré máa hun ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì parí rẹ̀ lásìkò.

Ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ rẹ̀. Táì ọrùn rẹ̀ tóbi bí abẹ̀bẹ̀, férémù awò ojú rẹ̀ kò ní gíláàsì, aago tí ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì ni ó sì ń so mọ́ra. Àsọrégèé ni èyí, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń kà á. Ó ń fi àwọn tí wọ́n ń ṣe fáàrí ọ̀làjú ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí eégún aláré ti máa ń fi àlejò àti òyìnbó ṣe ẹ̀fẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Owó amóhùnmáwòrán kò tó nǹkan. Èrè ibẹ̀ ni òkìkí, nítorí ẹni tí ó ti rí Bàbá Sàlá nínú ẹ̀rọ yóò sanwó láti rí i lójúkorojú bí ẹgbẹ́ bá dé ìlú. Ìlú bíi Ìwó, tí ó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo, wà láàárín agbègbè tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jẹun. Sinimá ni ó wá kó o sí gbèsè. Ó yáwó ṣe Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí, ní 1982. Kí owó tó wọlé ni àwọn ayédèrú fídíò rẹ̀ ti gba ìgboro. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ru ẹrù náà. Iléṣà ni ó kú sí ní 2018.

Ọ̀pọ̀ eré àkọ́kọ́ wọ̀nyí kò sí mọ́ fún wa láti wò. Kì í ṣe àìbìkítà tiwa nìkan, nítorí BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ eré ẹ̀fẹ̀ àwọn ọdún 1960 rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Atọ́ka, tí ó ń tẹ eré àwọn alárìnjò jáde pẹ̀lú fọ́tò, ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ẹ̀dà kan gbà ní ilé lè mú un wá sí kíláàsì, kí a bo ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí abẹ́ àwòrán, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí òṣèré yóò sọ níbẹ̀.