Ìmọ́lẹ̀ Inú Fọ́tò Tó Ń Pa Ilà Ojú Àwọn Bàbá Wa Rẹ́

Ọ̀rọ̀ fọ́tò la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti lọ sí ìnáwó àwọn èèyàn wa láìpẹ́, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó ní Tudun Wada tàbí ìsìnkú àgbà, yóò ti rí i pé fọ́tò orí báńnà kì í ṣe fọ́tò lásán mọ́. Ìtànṣán oòrùn á máa yọ lẹ́yìn ìyàwó, òrùka ìmọ́lẹ̀ á yí orí olóògbé ká bíi tàwọn ẹni mímọ́ inú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, ojú á sì máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ó wuyì, a ò ní tan ara wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń kọ wá lóminú.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń tún fọ́tò ṣe o. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nílùú Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, á wá dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, ọmọ tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, á sì tún wọ tobìnrin. Ta ló máa pe ìyẹn ní irọ́? Ìyá ọmọ mọ ohun tó sọnù, ó sì mọ ohun tó fi rọ́pò rẹ̀.

Nínú yàrá òkùnkùn pẹ̀lú, oní-fọ́tò tó mọṣẹ́ á fi páálí kékeré orí igi bo ibi tó fẹ́ kó mọ́lẹ̀ nígbà tí iná bá ń tàn sórí pépà, á sì fi ọwọ́ darí iná síbi tó fẹ́ kó dúdú. Thomas Knoll àti John Knoll, ọmọ ìyá kan náà, ló ṣe Photoshop tí ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1990. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: àwòrán páálí orí igi àti àwòrán ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ṣe àmì irinṣẹ́ méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ sí i rèé, fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Oní-kọ̀ǹpútà tó gbọ́n kì í fọwọ́ kan fọ́tò gan-an. Á tẹ́ ìpele mìíràn lé e, bí ẹni gbé gíláàsì lé àwòrán. Orí ìpele yìí ló ti máa kun àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, èyí tó pọ́n bí ọsàn bó bá jẹ́ oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́. Á wá ní kí kọ̀ǹpútà da méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Screen. Lọ́nà yìí, ibi tó dúdú lókè kì í ṣe ìsàlẹ̀ ní nǹkan kan, ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan ló ń mú un tàn. Lẹ́yìn náà á dín agbára rẹ̀ kù títí ojú á fi gbà á. Ẹni tí kò lówó Photoshop lè lo GIMP, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 1996. (Ẹ má bi wá léèrè iná o. Ìlú tí NESCO ti ń fi omi ṣe iná láti ayé àwọn òyìnbó kùsà la ti ń tan jẹnẹrétọ̀ ká tó lè fi ìmọ́lẹ̀ sí fọ́tò.)

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí kò dára, ẹ wo òjìji imú. Bó bá ṣubú sọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Bí oòrùn orí kọ̀ǹpútà bá wá ń yọ lọ́wọ́ ọ̀tún, irọ́ ti tú nìyẹn. Ní àsìkò ọyẹ́ tiwa níbí, eruku máa ń bo oòrùn, òjìji kì í sì í mú. Kí wọ́n wá lẹ ìtànṣán ọ̀sán gangan mọ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni dé fìlà olówó lé aṣọ oko. Èyí tó tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín ni àwọn òrùka ìmọ́lẹ̀ tó ń tò tẹ̀ léra wọn. Àléébù kámẹ́rà ni tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń ta láàárín dígí kan sí èkejì. Àwọn oní-fọ́tò àtijọ́ máa ń ra ìbòrí fún kámẹ́rà kó má baà ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, owó là ń san kí wọ́n tó fi sí i.

A ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó fẹ́ kí ojú òun mọ́lẹ̀. Fíìmù tí wọ́n fi ya àwọn òbí wa, awọ òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò. Káàdì tí Kodak fi ń ṣètò àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àga onípákó ráhùn pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa ni wọ́n tó tún fíìmù náà ṣe. Ẹ gbọ́ ná, nítorí àga!

Ibi tó ń dùn wá rèé. Ilà ojú kì í ṣe ọ̀dà, ojú àpá tó jìn wọnú awọ ni. Òjìji tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ ká rí i nínú fọ́tò. Nígbà tí oní-kọ̀ǹpútà bá tú ìmọ́lẹ̀ sójú, tó sì fi èyí tó ń mú awọ jọ̀lọ̀ kún un, òjìji yẹn ló ń pa. Pélé lọ, àbàjà lọ, gọ̀ǹbọ́ lọ. Ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lè má gbọ́ Yorùbá rárá, ó lè rò pé ọgbẹ́ ni, kó tilẹ̀ máa retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn wá síbí nítorí kùsà, rélùwéè àti òwò, ilà ojú wọn ni ìwé ẹ̀rí wọn. Fọ́tò mélòó ló sì kù? Ti ọ̀pọ̀ ilé lọ nínú rògbòdìyàn 2001, ti 2008 àti 2010. Iná jó ọjà ńlá Terminus ní 2002 pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀. Nínú ilé mìíràn, fọ́tò kan ṣoṣo tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló kù. Ẹ̀yìn wa kò sì ní í kọ ilà mọ́: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba kíkọ ọ́ sára ọmọ. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí ní Jos, tí kò dé ilé rí, inú fọ́tò yẹn nìkan ló ti lè rí ilà bàbá rẹ̀ àgbà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú tàbí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, kí wọ́n pa á mọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà mìíràn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oní-kọ̀ǹpútà tó mọṣẹ́ tiẹ̀ lè mú kí òjìji inú ilà tó ti ń ṣá hàn sí i, irinṣẹ́ tó fi ń pa á rẹ́ náà ni yóò fi ṣe é. Kí ẹ tó dá fọ́tò àtijọ́ padà sínú fírémù, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ bàbá, ìlú rẹ̀ àti irú ilà tó kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má lo bírò, yíǹkì rẹ̀ lè là á já.