Jẹjẹrẹ Ọ̀fun: Ìtànṣán Ni àbí Iṣẹ́ Abẹ?

Ará Abúlé Adó ní Èkó tí dókítà ní kó lọ gba ìtànṣán sí ọ̀fun, Ìdí-Àràbà ló ṣeé ṣe kó máa forí lé. Ibẹ̀ ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2019. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni yóò máa lọ, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ìtànṣán fúnra rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 ló ń jẹ ọjọ́ tán. Abájọ tí àwọn kan fi máa ń ní kí dókítà kúkú fi abẹ yọ jẹjẹrẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí wọ́n bá tètè rí àrùn náà, tí kò tíì kọjá tán-án-ná tí ohùn ti ń jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú aláìsàn mẹ́wàá ló ń rí ìwòsàn, yálà ìtànṣán ni tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré.

Ìgbà tó bá ti wọra ni ọ̀rọ̀ ń le. Ọjọ́ 31 oṣù December 1873 ni dókítà Theodor Billroth yọ gbogbo gògóńgò aláìsàn kan ní Vienna; nígbà tó yá, irú iṣẹ́ abẹ yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà wá gbójú lé. Ní 1991, ìwádìí kan láàrin àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà yí èrò yẹn padà. Aláìsàn 332 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó gba ìtànṣán, àwọn yòókù gba kẹmó (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) àti ìtànṣán. Lẹ́yìn ọdún méjì, 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè ní ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó gba kẹmó, 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ní gògóńgò wọn.

Ẹni tí wọ́n bá yọ gògóńgò rẹ̀, ihò kan níwájú ọrùn ni yóò máa gbà mí títí ayé. Ó gbọ́dọ̀ bo ihò náà tó bá ń wẹ̀, kó sì fi aṣọ dáàbò bò ó lọ́wọ́ eruku ọyẹ́. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò gba imú mọ́, òórùn ọbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Bó bá dákú tí kò mí mọ́, ihò ọrùn ni wọn yóò fẹ́ atẹ́gùn sí, kì í ṣe ẹnu. Ó yẹ kí gbogbo ará ilé mọ èyí. Síbẹ̀, kò di odi. Ẹ̀rọ oníbátìrì wà tí wọ́n ń gbé sí ọrùn, ohun èlò kékeré tún wà tí wọ́n ń fi sínú ọ̀fun. Oníṣòwò Trade Fair lè tún ná ọjà, bí ohùn rẹ̀ bá tiẹ̀ yàtọ̀. Ìnáwó ni èyí tí wọ́n ń fi sínú ọ̀fun, torí lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ìtànṣán kì í gé nǹkan, àmọ́ kì í lọ láìfi àpá sílẹ̀. Itọ́ á gbẹ, ìtọ́wò á dín kù, èbà kò ní í lọ láìsí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eyín á máa jẹrà. Ó pọn dandan kí dókítà eyín yẹ ẹnu wò ṣáájú, torí bí wọ́n bá yọ eyín lẹ́yìn ìtànṣán, egungun àgbọ̀n lè má jinná mọ́. Tairọ́ìdì tó wà lọ́rùn lè rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kó máa rẹ èèyàn, kí òtútù sì máa mú un. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn ni pé ẹran ọ̀fun lè máa le díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí oúnjẹ á fi máa ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìdí nìyí tí gògóńgò tó wà níbẹ̀ kò fi túmọ̀ sí gògóńgò tó ń ṣiṣẹ́. Bí àrùn bá ti ba kerekere rẹ̀ jẹ́, tí oúnjẹ sì ti ń ṣìnà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló sàn jù níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìtànṣán tí àrùn bá padà ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ojú egbò rẹ̀ kì í tètè jinná.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi dókítà bí ẹ ó ṣe máa jẹun, tí ẹ ó sì máa sọ̀rọ̀ ní ọdún márùn-ún sí i. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, pàápàá tó bá ń mu sìgá tàbí ọtí, kó má ṣe máa ra oògùn ikọ́ kiri; kó lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun lọ́sẹ̀ yìí.