Ṣé o mọ̀? Kì í ṣe gbogbo orúnkún tó wú ni làkúrègbé

Àpò kéékèèké tó lé ní mẹ́wàá ló yí orúnkún kọ̀ọ̀kan ká. Omi díẹ̀ tó ń yọ̀ wà nínú wọn, kí awọ, iṣan àti egungun má baà máa ha ara wọn. Èyí tó wà níwájú ló ń jìyà jù. Ẹni tó ń lẹ táìlì, tó ń fi orúnkún wọ́ láti yàrá dé pálọ̀, mọ̀ ọ́n dáadáa: iwájú orúnkún á wú rọ̀bọ̀tọ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ṣì máa ń ká.

Kó yéé kúnlẹ̀ ná. Kó fi aṣọ wé omi dídì, kó gbé e lé orúnkún náà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kó de tìmùtìmù mọ́ orúnkún.

Bí ibẹ̀ bá gbóná, tó pọ́n, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àrùn ti gba ojú ibi tó bó wọlé. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa omi inú àpò náà fún àyẹ̀wò, á sì kọ oògùn apakòkòrò. Ẹ má fi abẹ là á nílé o; ojú abẹ yẹn gan-an ni kòkòrò lè gbà wọlé.